Èèpo Igi Kì í Ṣe Aṣọ Lásán

Igi tí inú rẹ̀ ti dihò lè pẹ́ láyé. A máa ń rí osè tí ikùn rẹ̀ gba èèyàn, síbẹ̀ tó ń rúwé lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá fi àdá bó èèpo ìrókò yíká láìku ibì kan, ìrókò náà ń kú lọ nìyẹn, bó ti wù kó tóbi tó.

Àárín igi ńlá, èyí tí à ń là sí pákó, ti kú tipẹ́. Ìdúró ló ń bá igi ṣe. Ẹ̀gbẹ́ ni ẹ̀mí wà. Ẹ wo èèpo ọ̀gánwó. Ìta rẹ̀ dà bí eérú, ó gbẹ, ó sì ń ṣí péepèèpée. Tí àdá bá wọlé díẹ̀, ẹ ó kan èyí tó pọ́n, tó tutù, tó sì korò gan-an. Èyí tó gbẹ ló ń gba oòrùn, kòkòrò àti iná ọ̀dàn sára. Èyí tó tutù ló ń gbé oúnjẹ tí ewé sè láti òkè lọ fún gbòǹgbò. Lábẹ́ rẹ̀ ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó ń yọ̀. Òun ló ń bí èèpo tuntun síta, tó ń bí igi tuntun sínú, tí igi fi ń sanra.

Inú igi tuntun yìí ni omi ń gbà gòkè ní tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí igi tí a bó yíká kì í fi í rọ lójú ẹsẹ̀: ewé ń rí omi mu, ṣùgbọ́n ebi ń pa gbòǹgbò. Àgbẹ̀ tó fẹ́ kí igi ńlá gbẹ lóòró mọ ọgbọ́n yìí dáadáa.

Inú èèpo náà ni igi ń kó ohun ìjà rẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni oró obo wà, ibẹ̀ sì ni oje funfun tó ń ṣàn lára ahùn, igi tí à ń se èèpo rẹ̀ fún ibà. Èèpo igi sìǹkónà láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn apoògùn Pelletier àti Caventou ti yọ kuníìnì, oògùn ibà, ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1820. Àwọn tó ń gba oje rọ́bà kì í jẹ́ kí ọ̀bẹ wọn kan igi tó wà lábẹ́ èèpo. Ìyẹn ni igi kan ṣoṣo fi ń sun oje fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gba èèpo fún àgbo, kó gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́ láti òkè sísàlẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ kan. Oúnjẹ á ráyè kọjá ní ẹ̀gbẹ́ kejì, etí ọgbẹ́ náà á sì máa pa dé díẹ̀díẹ̀.