Onígbàjámọ̀ Koríko ní Port Richmond

Tí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì S40 ní St. George, níbi tí ọkọ̀ ojú omi láti Manhattan ti ń já èrò sílẹ̀, omi Kill Van Kull ni yóò wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín títí ẹ ó fi dé Port Richmond. Ibẹ̀ ni mò ń gbé, ní apá àríwá Staten Island, níbi tí a ti ń wo afárá Bayonne tí wọ́n ṣí ní 1931, bó ṣe tẹ̀ kọrọdọ sókè kọjá sí New Jersey. Ilé fún mọ́ra lọ́dọ̀ wa. Koríko iwájú ilé mi kò fẹ̀ ju ẹní méjì lọ. Bí kì í bá ṣe pé àwọn aládùúgbò lè pe ọlọ́pàá, àdá ni ǹ bá máa fi ṣán an.

Síbẹ̀, títún tírakítọ̀ ṣe ni iṣẹ́ mi. Kí wá ni tírakítọ̀ ń wá níbẹ̀? Erékùṣù yìí ní pápá dáadáa: itẹ́ òkú, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, pápá bọ́ọ̀lù, ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gé e, pàápàá àwọn ọmọ Mẹ́síkò, àdúgbò wa ni wọ́n ń gbé. Bí òtútù bá ti lọ, kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa lẹ ó ti máa gbọ́ ariwo tírélà wọn lójú Port Richmond Avenue. Bí ẹ̀rọ bá yọ wọ́n lẹ́nu, wọn a wọ́ ọ wá sí gáréèjì tí mo háyà. "Maestro" ni wọ́n ń pè mí. Mo béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, wọ́n ní ọ̀gá ni. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí mi. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi pe ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀ ní Ìlọrà, lẹ́bàá Ọ̀yọ́, níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́ títún katakata ṣe.

Ẹ̀rọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí ni wọ́n ń pè ní finish mower. Ará ilé tó bá mọ slasher, èyí tó ń fọ́ igbó lẹ́yìn katakata, lè rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Rárá o. Slasher ń ṣán igbó ni. Mówà yìí ń gẹrun. Pápá tí wọ́n ti ń gé bọ̀ tẹ́lẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀, kó lè tẹ́jú kó sì dán. Abẹ mẹ́ta ló wà lábẹ́ páànù irin rẹ̀. Bẹ́líìtì gígùn kan ló ń yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gíábọ́ọ̀sì kékeré kan ló ń yí bẹ́líìtì, ṣáàfù tó ti ẹ̀yìn tírakítọ̀ jáde, tí a ń pè ní PTO, ló sì ń yí gíábọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá fún ẹ́ńjìnnì níná tó yẹ, ìgbà 540 ni ṣáàfù yẹn ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ pín in sí ọgọ́ta, ẹ ó rí i pé ìgbà mẹ́sàn-án ló ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Apá irin mẹ́ta ni tírakítọ̀ fi ń gbé mówà: méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Harry Ferguson, ọmọ Ireland, ló sọ ọgbọ́n apá mẹ́ta yìí di ohun tí gbogbo ayé ń lò. Òun àti Henry Ford bọ ara wọn lọ́wọ́ lé e lórí ní 1938, Ford 9N tó gbé e jáde sì dé ọjà ní 1939. Orúkọ ọkùnrin yìí náà ló wà lára Massey Ferguson pupa tí mo bá ní Ìlọrà. Ṣùgbọ́n ìtúlẹ̀ ló wà lọ́kàn Ferguson. Fún irin ìtúlẹ̀, apá òkè yẹn gbọ́dọ̀ le pinpin. Fún mówà, ó gbọ́dọ̀ dẹ̀. Ìdajì wàhálà tí wọ́n ń wọ́ wá bá mi, ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Mówà ní táyà kékeré mẹ́rin tirẹ̀, àwọn ló sì yẹ kó gbé e rìn. Tírakítọ̀ kàn ń fà á lọ́wọ́ ni, bí ìyá tó ń mú ọmọ lọ sọ́jà. Bí apá òkè bá le, tí imú tírakítọ̀ gun ebè kékeré kan, ìdí mówà á wọlẹ̀. Bí imú bá wọ kòtò, ìdí mówà á gbé sókè. Ibì kan á pá bí orí àgbà, ibòmíràn á rí jágajàga. Ènìyàn á wá máa bú abẹ, abẹ ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀.

Èmi náà ti bú abẹ rí, mi ò ní purọ́. Lọ́dún tí mo ra mówà tèmi, mo fara mi jìn láti máa gé ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo gé e lọ́jọ́ Sátidé, inú mi dùn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyá àgbà kan nínú ìjọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ojú-awò rẹ̀ sókè.

"Bàbá Tóbi, ta ló gẹrun fún pápá yìí?"

"Èmi ni, Mà."

"Ṣé ọmọ náà sá mọ́ onígbàjámọ̀ lọ́wọ́ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí. Òótọ́ ni màmá sọ. Gbogbo ibi tí mo gbà kọjá ló rí bí àtẹ̀gùn: ẹ̀gbẹ́ kan lọ sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì ga. Mo pọ́n abẹ, kò yí padà. Mo ra bẹ́líìtì tuntun, owó lásán ni mo ná. Mo tún gbogbo rẹ̀ gbé kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i lójú títì níwájú gáréèjì, mo ń fi tépù wọn ọ̀tún wọn òsì, wọ́n bára mu rẹ́gí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Mẹ́síkò kan tó wá gba ẹ̀rọ tirẹ̀ dúró ń wò mí. Ó mu ohun mímu tán, ó fi ìgò náà lélẹ̀. Ìgò ṣubú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ, gbírí gbírí, ó gba abẹ́ mówà mi kọjá, ó forí lé ọ̀nà Richmond Terrace létí omi. Ọmọ náà wo ìgò, ó wo èmi. "Maestro," ló wí, "ilẹ̀ yín ló dàgẹ̀rẹ̀."

Títì wa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi. Ọdún mélòó ni mo ti ń gbé ibẹ̀ tí ẹsẹ̀ mi ti mọ̀ ọ́n, tí ojú mi ò mọ̀ ọ́n! Látọjọ́ náà, inú gáréèjì ni mo ti ń ṣe é, lórí kọnkéré tí mo ti fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì àwọn bíríkìlà yẹ̀ wò.

Táyà ẹ̀yìn tírakítọ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Bí ọ̀kan bá rọ̀ ju èkejì lọ, ohun gbogbo tó so mọ́ tírakítọ̀ á fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sí sípánà tó lè tún un ṣe. Lẹ́yìn táyà, mo máa ń yí ọwọ́ tó wà lára apá ìsàlẹ̀ ọ̀tún títí ọ̀tún àti òsì mówà yóò fi dọ́gba. Etí páànù kọ́ ni kí ẹ wọ̀n o, nítorí páànù lè ti tẹ̀. Ẹnu abẹ ni kí ẹ wọ̀n sílẹ̀. Iwájú wá gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ díẹ̀, bí ìdá mẹ́rin ínṣì sí ààbọ̀ ínṣì. Ẹ̀gbẹ́ iwájú ni abẹ ti ń gé koríko; bí ẹ̀yìn bá ga díẹ̀, abẹ ò ní máa lọ ohun tó ti gé tẹ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò sì ní sáré asán. Ẹ̀yìn èyí lẹ ó sọ mówà kalẹ̀ pátápátá, kí ẹ dẹ apá òkè títí ẹ ó fi lè fi ọwọ́ mì ín. Gíga koríko, táyà kékeré mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ fi yan án, kí gbogbo wọn wà ní ihò kan náà. Ẹ má fi ọwọ́ tó ń gbé ẹrù tírakítọ̀ sókè yan án láé.

Lọ́dọ̀ wa níbí, ínṣì mẹ́ta ni mo máa ń fi sí. Koríko bàháámà ilé lè gba kí a fá a mọ́lẹ̀. Koríko ilẹ̀ olótùútù yìí, bí ẹ bá fá a bẹ́ẹ̀, oòrùn á jó o. Nínú oṣù Karùn-ún tí òjò bá ń rọ̀, ó lè ga kí ẹ tó padà dé. Ẹ gé ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ẹ wá parí ìyókù lọ́jọ́ mìíràn.

Bí ó bá tẹ́jú tán tó sì ń fi ìlà tín-ín-rín sílẹ̀ láàárín, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn. Abẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń wọ ààyè ara wọn ní bí ínṣì kan kí ìlà má bàa ṣẹ́kù. Bí ìlà bá wà, ó lè jẹ́ pé abẹ ti kú, tàbí ẹ́ńjìnnì ò níná tó, tàbí pé ẹni tó ń wakọ̀ ń kánjú. Koríko tútù tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ páànù ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ fi igi ha á kúrò. Mo sì ti rí abẹ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Etí abẹ kan wà tó gbé sókè bí ìyẹ́. Ìyẹ́ yẹn ló ń fẹ́ atẹ́gùn tó ń mú koríko dìde dúró kó tó gé e. Tó bá kọjú sílẹ̀, kò ní gé koríko mọ́, yóò kàn máa nà án bíi pàṣán ni.

Òórùn rọ́bà tó ń jóná, bẹ́líìtì ni. Ẹ má tíì ra òmíràn. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi ọwọ́ yí púlì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń dún bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, bíárìn rẹ̀ ti lọ, òun ló ń pa bẹ́líìtì. Ẹ wo sípíríǹgì tó ń fà á pẹ̀lú. Tí mówà bá ń gbọ̀n, ẹ yọ abẹ kúrò, kí ẹ fi ihò àárín rẹ̀ kọ́ ìṣó lára ògiri. Ẹ̀gbẹ́ tó bá sọ̀ kalẹ̀ ló wúwo. Ẹ fi fáìlì jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dúró gbọọrọ.

Èyí tó ń dẹ́rù bani ni ti tírakítọ̀ àtijọ́. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ ń retí kó dúró, kò dúró! Abẹ mẹ́ta tó ń yí ló ń gba ojú ṣáàfù padà ti tírakítọ̀ lọ síwájú. Ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní overrunning coupler ló ń tán an. Ẹ̀yìn PTO ni wọ́n ń fi í sí. Ó ń jẹ́ kí tírakítọ̀ yí mówà, kò sì gbà kí mówà ti tírakítọ̀. Kò wọ́n ju ògiri ṣọ́ọ̀ṣì tí tírakítọ̀ lè lọ kọlù lọ.

Lóṣù tó kọjá, àbúrò mi kan pè mí láti Ṣakí. Ó ti ra mówà àlòkù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi abẹ mẹ́ta ránṣẹ́. Kò gé dọ́gba."

"Táyà ẹ̀yìn katakata rẹ ńkọ́?"

"Táyà kẹ̀?"

Mo ní kó lọ wò ó. Ó pè padà lọ́jọ́ kejì, ó ń rẹ́rìn-ín: ti apá ọ̀tún ti rọ̀, ó sì ti fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Kò dárúkọ abẹ mọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni mo tún fi kún un fún un, mo sì ń bẹ ẹ̀yin náà. Kí ẹnikẹ́ni má fi agbádá tàbí ìró tó ń fò lẹ́lẹ́ sún mọ́ ṣáàfù tó ń yí. Kí ẹ tó na ọwọ́ sí abẹ́ mówà, ẹ pa PTO, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì fi sápò ara yín, kì í ṣe sápò ọmọ iṣẹ́.