Físà London kò gbé èèyàn dé Paris: Ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ yà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ lókè òkun mọ̀

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ẹni tó bá gba iwájú ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà àjọ Ìmígíréṣọ̀n ní Aláúsá, n'Íkẹjà, kọjá yóò bá àwọn èèyàn tó ti Agége, Ọgbà àti Ojódù wá níbẹ̀, tí wọ́n mú nọ́ńbà NIN wọn lọ́wọ́, tí wọ́n ń retí kí wọ́n pe àwọn fún fọ́tò àti ìtẹ̀ka. Owó ìwé náà kì í ṣe kékeré mọ́. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025, ni èyí tó ní ojú ewé 32, tó ń lo ọdún márùn-ún, ti di 100,000 náírà, tí èyí tó ní ojú ewé 64, tó ń lo ọdún mẹ́wàá, sì di 200,000 náírà. Ẹni tó bá náwó tó bẹ́ẹ̀ kì í sábà fẹ́ lọ síbì kan ṣoṣo kó sì padà wálé. Ohun tó máa ń wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ wọn ni pé bí àwọn bá dé London, àwọn yóò kọ́kọ́ lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ tó wà ní Peckham, lẹ́yìn náà ni àwọn yóò wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Paris.

Kò sí ohun tó burú nínú èrò náà. Ibùdókọ̀ St Pancras, ní àárín London, ló ti máa ń dàrú. Ọkọ̀ ojú irin Eurostar, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù kọkànlá, ọdún 1994, kì í lò ju bíi wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú lọ kó tó dé Paris, nítorí náà, lójú ẹni tó ti jókòó sínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ láti Bẹ́gà dé Ọ̀ṣọ́dì rí, bí ìgbà tí èèyàn ń lọ sí àdúgbò kejì ni. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Faransé wà ní St Pancras níbẹ̀, àwọn ni wọ́n ń yẹ ìwé ìrìnnà wò kí èèyàn tó wọ ọkọ̀. Ọmọ Nàìjíríà tí kò bá ní ju físà ìlú Ọba lọ, ibẹ̀ ni wọn yóò ti dá a padà, owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì lè bá a lọ.

Ìdí ni pé ìlú Ọba kò fìgbà kan wà nínú àdéhùn Schengen, kódà nígbà tó ṣì wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Abúlé kékeré kan ní ilẹ̀ Luxembourg ni Schengen, ibẹ̀ ni orílẹ̀-èdè márùn-ún ti tọwọ́ bọ ìwé lọ́jọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà, ọdún 1985, pé àwọn yóò yọ ìdènà ẹnubodè tó wà láàárín àwọn kúrò. Lọ́dún 1995 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, orílẹ̀-èdè 29 ló sì ti wà níbẹ̀ báyìí. Físà kan náà ló ń gbé àlejò káàkiri gbogbo wọn.

Àwọn ará Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n ti sọ Abidjan di ilé kejì, kò ní irú wàhálà yìí. Wọ́n lè yà kí ọ̀rẹ́ ní Kùtọnu, kí wọ́n sùn ní Lomé, kí wọ́n tún dúró ní Accra, láìtọrọ físà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe lọ́dún 1979 fún ọmọ ẹgbẹ́ ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ ní orílẹ̀-èdè ara wọn. Àwọn tó ń rojọ́ owó àwọn agbófinró ní ẹnubodè ojú ọ̀nà yẹn kò purọ́ o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ẹni tó fẹ́ lọ sí ilẹ̀ Schengen gbọ́dọ̀ mọ ẹ́ńbásì tó yẹ kóun kọ̀wé sí. Kì í ṣe ibi tí ọ̀rẹ́ ń gbé ni òfin ń wò, kì í sì í ṣe ibi tí bàálù yóò kọ́kọ́ balẹ̀ sí. Ibi tí èèyàn yóò ti lo ọjọ́ tó pọ̀ jù ni. Bí ó bá fẹ́ lo ọjọ́ mẹ́rin lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ní Amsterdam, tó sì fẹ́ lo mẹ́wàá ní Rome, ẹ́ńbásì Ítálì ni yóò kọ̀wé sí. Bó bá jẹ́ ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni, nígbà náà ni ibi tó kọ́kọ́ wọ̀ yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ìtumọ̀, tí yóò fi lọ sọ́dọ̀ àwọn ará Netherlands. Àwọn kan wà tí wọ́n ń wá ẹ́ńbásì tí wọ́n gbọ́ pé ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀, tí wọ́n á sì forí lé ibòmíràn tí físà bá ti jáde. Òṣìṣẹ́ ẹnubodè lè béèrè ibi tí àlejò ń lọ àti ibi tí yóò sùn, bí ìdáhùn kò bá bá ohun tó kọ sínú fọ́ọ̀mù mu, wọ́n lágbára láti fagi lé físà náà.

Èyí tó tún ń ba ìrìnàjò jẹ́ jù ni nọ́ńbà kékeré tó wà lára físà, èyí tí ọ̀pọ̀ kì í kà. Bí wọ́n bá kọ 01 síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni èèyàn lè wọlé. Bó bá jẹ́ 02, ẹ̀ẹ̀mejì ni. MULT ni ti ẹni tó lè wọlé léraléra. Ká ní ẹnì kan gba Paris wọlé, tó ní físà ìlú Ọba náà lọ́wọ́, tó wá ní kóun fi òpin ọ̀sẹ̀ kan kí ọ̀rẹ́ òun ní London. Ní kété tó bá ti jáde ní ilẹ̀ Faransé, físà 01 rẹ̀ ti parí iṣẹ́, bó tilẹ̀ ku ogún ọjọ́ kí déètì ara rẹ̀ tó pé. Kò lè padà sí Paris mọ́, Paris sì ni bàálù tí yóò gbé e padà s'Ékòó wà. Tíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni yóò rà láti London, ní owó ilẹ̀ òkèèrè.

Ọjọ́ náà ní ìṣirò tirẹ̀. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ láàárín 180 ọjọ́ ni òfin Schengen fi àyè gbà, gbogbo orílẹ̀-èdè 29 náà ni wọ́n sì ń kà pọ̀. Ẹni tó bá lo ọgọ́ta ọjọ́ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ní Paris, ọgbọ̀n péré ló kù fún un ní Berlin. Físà mìíràn kì í tilẹ̀ fún èèyàn ju ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, iye tí wọ́n bá kọ sára rẹ̀ ni abẹ gé. Láti oṣù kẹwàá, ọdún 2025, sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà gba ìtẹ̀ka àti fọ́tò àlejò ní ẹnubodè, dípò òǹtẹ̀ tí wọ́n ń lù sínú ìwé tẹ́lẹ̀. Ti ìlú Ọba yàtọ̀: oṣù mẹ́fà ni àlejò sábà máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó sì ní físà ọdún mẹ́wàá kò lè tìtorí ìyẹn jókòó síbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá.

Ní ti ọ̀rẹ́ tó fẹ́ gbani lálejò, lẹ́tà ìkésíni nìkan kò tó. Ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀rẹ́ náà yóò lọ sí gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀ láti gba ìwé tó fi hàn pé ó ní ilé tó lè gba àlejò. Ìlú Ọba kò ní fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀, lẹ́tà, ẹ̀rí ibùgbé àti ẹ̀rí pé ọ̀rẹ́ náà wà níbẹ̀ lábẹ́ òfin ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Síbẹ̀, ẹni tó ń rìnrìn-àjò ni wọ́n ń wò jù: iṣẹ́ tó ń ṣe ní Nàìjíríà, owó báǹkì rẹ̀, àti ohun tí yóò mú un padà. Físà Schengen tún ń béèrè ìbánigbófò ìlera tí kò dín ní 30,000 yúrò, owó fọ́ọ̀mù rẹ̀ fún àgbàlagbà sì ti di 90 yúrò láti oṣù kẹfà, ọdún 2024. Bí wọ́n bá sọ pé rárá, wọn kì í dá owó náà padà.

Ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà ní Belfast náà ní tirẹ̀ láti ṣọ́ra fún. Físà ìlú Ọba gbé èèyàn dé Manchester, Glasgow, Cardiff àti Belfast, kò sì gbé e dé Dublin, tó jẹ́ olú ìlú Ireland, orílẹ̀-èdè mìíràn. Bọ́ọ̀sì ń ti Belfast lọ sí Dublin láìdúró ní ẹnubodè kankan, ìyẹn ni àwọn kan ṣe rò pé àyè wà. Òfin kò yí padà nítorí pé kò sẹ́ni tó dáni dúró.

Bàálù tí yóò balẹ̀ ní Frankfurt tàbí Amsterdam kó tó kọjá sí London náà nílò ìbéèrè kí èèyàn tó sanwó. Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè méjìlá tí gbogbo ilẹ̀ Schengen ń béèrè físà ìkọjá lọ́wọ́ ọmọ ìlú wọn, bí wọn kò tilẹ̀ ní jáde kúrò nínú pápákọ̀ òfuurufú, àyàfi àwọn tó bá ní irú físà tàbí ìwé ìgbélùú kan tí òfin dárúkọ. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ bàálù ló ń yẹ ìwé yìí wò ní pápákọ̀ Murtala Muhammed, n'Íkẹjà níbí, kí wọ́n tó gba ẹrù ẹnikẹ́ni.