Oníbodè Àpótí Lẹ́tà: Ẹni Tó Ń Ka Ìwé Ìwọlé Orí Sáfà

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1986, wọ́n ní kí Clifford Stoll wá ibi tí 75 sẹ́ǹtì gbà sọnù. Onímọ̀ ìràwọ̀ ni, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ti tán, wọ́n sì gbé e lọ sí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ní ibùdó ìwádìí Lawrence Berkeley ní California. Nígbà náà, èèyàn a máa sanwó fún àsìkò tó bá lò lórí kọ̀ǹpútà. Ìṣirò oṣù náà kò dọ́gba. Ẹlòmíràn ì bá ní ta ni yóò torí owó gúgúrú da ilé rú. Stoll kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tú àkọsílẹ̀ wò, ó sì bá orúkọ ẹnìkan níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, tí kò sì sí àdírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n lè fi ìwé owó ránṣẹ́ sí.

Iṣẹ́ tí Stoll ṣe lọ́jọ́ náà ni iṣẹ́ ẹni tó ń tọ́jú sáfà ímeèlì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba lẹ́tà fún àwọn èèyàn, títí dòní. Láyé àtijọ́, oníbodè a máa jókòó sẹ́nu odi ìlú, a máa gba owó ibodè, a sì máa bi àlejò léèrè ibi tó ti ń bọ̀. Bí oníbodè bá ń tòògbé, ará ìlú kò lè sùn fọnfọn. Sáfà náà ní oníbodè tirẹ̀. Postmaster ni orúkọ oyè rẹ̀: ìlànà ímeèlì tí wọ́n kọ ní 1982 là á sílẹ̀ pé ibikíbi tó bá ń gba lẹ́tà gbọ́dọ̀ ní àpótí tó ń jẹ́ orúkọ yìí, kí ẹni tí ọ̀ràn bá dé bá lè rẹ́ni ké sí. Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì tiwa, admin tàbí ọmọ IT là ń pè é.

Ìwé ìwọlé tó ń kà kò ju ìlà ọ̀rọ̀ lọ. Lórí sáfà tó ń lo Dovecot, ètò tí Timo Sirainen ọmọ ilẹ̀ Finland gbé jáde ní 2002, ìlà kan lè rí báyìí:

Mar 3 02:14:07 imap-login: Login: user=adunni, rip=203.0.113.45, TLS

Ẹ kà á láti apá òsì. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, ní aago méjì òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, ẹnìkan fi orúkọ Àdùnní wọlé, pásíwọ́ọ̀dù tó tẹ̀ sì tọ̀nà. Èyí tó tẹ̀lé rip ni àdírẹ́ẹ̀sì ibi tó ti wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. TLS ń sọ pé ọ̀nà tó gbà bò, ẹni tó lúgọ sẹ́bàá ọ̀nà kò lè ka ohun tó ń kọjá. Ohun tó wà nínú lẹ́tà kò sí níbẹ̀ rárá. Oníbodè mọ ẹni tó kọjá, kò tú ẹrù rẹ̀.

Ìlà kan ṣoṣo kì í sọ púpọ̀. Ìgbà tí a bá tò wọ́n jọ ni wọ́n ń fọhùn. Bí àdírẹ́ẹ̀sì kan bá kùnà nígbà igba láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹnìkan ló ń dán kọ́kọ́rọ́ wò nìyẹn. Ètò bíi Fail2ban lè tìlẹ̀kùn mọ́ ọn fúnra rẹ̀. Èyí tó léwu jù ni èyí tí kò kùnà: Àdùnní wọlé láti Ìbàdàn ní aago mẹ́jọ, ó tún wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ṣeé ṣe kí olè ti wà nínú ilé, kó sì ti pàṣẹ pé kí wọ́n máa ṣe ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà ránṣẹ́ sóun. Bí a bá yí pásíwọ́ọ̀dù padà tí a kò wá àṣẹ yẹn, a kò tíì lé e jáde.

Ṣùgbọ́n oníbodè tó gbọ́n kì í yára fẹ̀sùn kanni. Lórí fóònù, ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ a máa fi àdírẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo sin ọ̀pọ̀ oníbàárà pọ̀. Fóònù náà a sì máa wọlé lọ yẹ lẹ́tà wò nígbà tí ẹni tó ni ín ń sùn. Ọ̀gá tó bá fẹ́ fi ìwé yìí mọ òṣìṣẹ́ tó pẹ́ dé yóò ṣi ìdájọ́ ṣe.

Kí ni Stoll wá rí? Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, ó yá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti kọ̀ǹpútà bíi 50 jọ, ó so wọ́n mọ́ àwọn wáyà tí àwọn èèyàn ń gbà wọlé, ó sì sùn tì wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn tẹ gbogbo ohun tí àlejò náà ṣe sórí bébà. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́: ètò kékeré kan tó ń gbé lẹ́tà láti àpótí gbogbogbòò lọ sílé oníkálukú ni ibi tí ògiri ti lanu. Ó gba bí oṣù mẹ́wàá kí ipasẹ̀ náà tó parí sí Hannover ní Jámánì, lọ́dọ̀ Markus Hess, tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ta ohun tí wọ́n rí fún KGB, àwọn amí Soviet. Ní 1990, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi.

Ní Nàìjíríà, iṣẹ́ oníbodè yìí ti di ọ̀rọ̀ òfin. Abala 38 òfin ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 ní kí àwọn tó ń pèsè ìbánisọ̀rọ̀ tọ́jú irú àkọsílẹ̀ báyìí fún ọdún 2, kí wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún àṣírí oníbàárà. Abala 37 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ti dáàbò bo ilé aráàlú àti lẹ́tà rẹ̀ ṣáájú. Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 wá fún ilé iṣẹ́ ní wákàtí 72 láti fi tó ìjọba létí bí ìjàǹbá tó lè pa àwọn èèyàn lára bá ṣẹlẹ̀ sí ìsọfúnni wọn. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ bá mọ̀ ni aago náà bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Ta ni yóò sì kọ́kọ́ mọ̀, bí kò ṣe ẹni tó ń ka ìwé?

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a má fi iṣẹ́ yìí ṣe àfikún iṣẹ́ ọmọ IT tó tún ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe. Ẹ fún un láyè láti kà á láràárọ̀. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, nítorí olè tó wọlé yóò fẹ́ pa ipasẹ̀ rẹ̀ rẹ́. Ẹ sì jẹ́ kí ẹnìkejì mọ ìgbà tí oníbodè fúnra rẹ̀ bá tú ìwé ẹnìkan wò, kó má baà di olófòófó. Ẹni tó ń lo Gmail lórí kọ̀ǹpútà lè ka tirẹ̀ fúnra rẹ̀: kó wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé, níbi tí wọ́n kọ Details sí.

Ní ti ọ́fíìsì, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá yín ẹni tó ka ìwé ìwọlé ti àná. Bí kò bá rí orúkọ dá, ó lè ti pẹ́ tí 75 sẹ́ǹtì tiyín ti ń sọnù.