Tàkúté Tó Wà Lára Fáírọ́ọ̀sì

Ẹ kán epo pupa lẹ́ẹ̀mejì sójú omi, kí ẹ máa wò ó. Bí ẹ̀kán méjèèjì bá ti fara kanra, wọ́n á di ọ̀kan. Ọ̀rá ni awọ sẹ́ẹ̀lì wa, ọ̀rá náà sì ni ẹ̀wù fáírọ́ọ̀sì flu, àmọ́ àwọn yẹn kì í dédé di ọ̀kan bí epo. Nǹkan kan ló ń fà wọ́n mọ́ra.

Prótéènì hemagglutinin ni nǹkan náà. Ẹ fojú inú wo okùn ìlẹ̀kẹ̀ tó ń ká ara rẹ̀ jọ. Bó bá ṣe ká ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣe máa rí. Ní 1981, Ian Wilson, John Skehel àti Don Wiley gbé àwòrán rẹ̀ jáde. Àwòrán náà dára, ṣùgbọ́n ó dá wàhálà sílẹ̀: ẹnu tó yẹ kó gún awọ sẹ́ẹ̀lì fara pamọ́ sísàlẹ̀, ó jìnnà réré sí sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún. Báwo ló ṣe ń dókè?

Chave Carr àti Peter Kim dáhùn ní 1993. Lójú tèmi, tàkúté ni wọ́n rí. Sẹ́ẹ̀lì á gbé fáírọ́ọ̀sì mì sínú àpò kékeré kan tó máa ń kan. Bí kíkan náà bá ti tó, apá okùn tó rọ̀ á lọ́, á le gbagidi, á ju ẹnu yẹn sókè. Ó ré nìyẹn! Ní 1994, ikọ̀ Wiley rí àwòrán èyí tó ti ré, ọ̀rọ̀ sì bára mu. Kò sí èyí tó ré tó tún máa dẹ ara rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ti wọlé. Ní 1966, ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ RSV, fáírọ́ọ̀sì tó ń mú ọmọdé mí hẹlẹ, tó ní tàkúté tirẹ̀ náà. Nígbà tí RSV wá mú wọn, àìsàn wọn tún le sí i, méjì kú. Prótéènì tó ti ré ló pọ̀ nínú abẹ́rẹ́ náà, kì í ṣe èyí tí kò tíì ré, tí ara ní láti dá mọ̀, ọ̀kan lára ohun tó bà á jẹ́ sì nìyẹn. Ní 2013, Jason McLellan, Barney Graham, Peter Kwong àti àwọn ẹgbẹ́ wọn há tàkúté RSV lẹ́nu kó má lè ré. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 2023.

Fún kòrónà, ìlẹ̀kẹ̀ méjì péré tí wọ́n pààrọ̀ lára okùn prótéènì rẹ̀ ló há tàkúté tirẹ̀. AstraZeneca tó kọ́kọ́ dé Nàìjíríà ní oṣù kẹta 2021 kò ní ìpààrọ̀ yìí. Moderna tó dé ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn ní in. Ẹ wo káàdì abẹ́rẹ́ yín.