Kí ló dé tí èrò Àjàṣẹ́ fi ń gba Lómè kọjá?

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Dowa, nílùú Àjàṣẹ́, bi wá ní ìbéèrè kan láìpẹ́ yìí. Ó fẹ́ lọ wo ọmọ rẹ̀ ní Libreville, lórílẹ̀-èdè Gabon. Kàkà kí bàálù gbé e láti Kùtọnù lọ tààrà, wọ́n ní kó kọ́kọ́ lọ sí Lómè, kó wọ bàálù mìíràn níbẹ̀. Ìyá ní ṣé ẹni tó ń lọ síwájú tún máa ń pẹ̀yìn dà ni?

Ìdáhùn rẹ̀ wà ní gáréèjì wa. Kò sí awakọ̀ tó lè máa ná ọ̀nà láti gbogbo abúlé lọ sí gbogbo abúlé, torí èrò kò ní kún ọkọ̀ rẹ̀. Gáréèjì kan ni wọ́n ń kó èrò wá. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń lọ Kétu àti ẹni tó ń lọ Ṣábẹ ti ń rí ọkọ̀ tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni bàálù. Ká ní ìlú mẹ́wàá ló wà. Bí a bá fẹ́ kí bàálù máa lọ tààrà láàárín gbogbo wọn, ojú ọ̀nà 45 la máa nílò. Bí a bá sọ ọ̀kan nínú wọn di oríta, ojú ọ̀nà 9 péré ti tó. Bàálù tó gbéra ní Lómè kò kó ará Lómè nìkan. Ó kó èrò Kùtọnù, ti Accra àti ti Bamako pọ̀. Àga rẹ̀ á kún, owó epo á sì pín sórí èrò púpọ̀.

Ilé-iṣẹ́ ASKY ló fi Lómè ṣe oríta. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2008, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò ní oṣù Kìíní ọdún 2010. Ethiopian Airlines, tó ti ń fò láti 1946, ní ìpín nínú rẹ̀. Ní 2016, Lómè ṣí ilé èrò tuntun ní pápákọ̀ òfurufú rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Ethiopian bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ lọ sí Newark, lẹ́gbẹ̀ẹ́ New York. Ọgbọ́n yìí náà ni Emirates lò. Bàálù méjì tí wọ́n yá ló fi bẹ̀rẹ̀ ní Dubai ní 1985, ṣùgbọ́n Dubai wà láàárín Éṣíà, Yúróòpù àti Áfíríkà.

Ṣùgbọ́n oríta nìkan kọ́ ló ń mú ọjà tà. Àwọn àgbà wa kò tíì gbàgbé Air Afrique, tí Benin, tó ń jẹ́ Dahomey nígbà náà, àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tó ń sọ Faransé jọ dá sílẹ̀ ní 1961. Gbèsè àti àìrójú ìṣàkóso ló wó o lulẹ̀ ní 2002.

Oríta sì ní ewu tirẹ̀. Bí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́, èkejì lè ti lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí oníṣòwò kan ládùúgbò wa nìyẹn. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ méjì, torí ó dín owó díẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ pẹ́, èkejì kò dúró, kò sì sí ẹni tó dá owó rẹ̀ padà. Ó tún tíkẹ́ẹ̀tì rà kó tó dé ibi ọjà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa tó ń rìnrìn-àjò, tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó gbé yín dé òpin ìrìn-àjò ni kí ẹ rà. Bí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́, ilé-iṣẹ́ tó ta á ló yẹ kó wá bàálù mìíràn fún yín. Ẹ béèrè bóyá ẹrù yín máa lọ tààrà, àti iye wákàtí tí ẹ ó fi dúró ní oríta. Ẹ má gbà kó kéré jù.

Ìyá wa ní Dowa ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Ẹyọ kan ni.