Ọmọge onítíì bọ́ sínú àwòrán, ni ìjọba Jàpáàn bá fárígá!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́-ọwọ́, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú Kitagawa Utamaro rí. Ìlú Edo, tí wọ́n ń pè ní Tokyo lónìí, ló ti ń yàwòrán obìnrin tó rẹwà.

Kò wá ayaba lọ rárá. Okita ń gbé tíì fún oníbàárà ní Asakusa ni; bàbá Ohisa ń ta ìpékeré oníresì. Ní 1793, Utamaro to àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ Toyohina olórin. Ó fi ewé tàbí òdòdó sí ara aṣọ wọn, kí aráyé lè dá kálukú mọ̀. Háà! Èrò ya bo ìsọ̀ Okita.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ẹnì kan. Ayàwòrán á yà á sórí bébà fẹ́lẹ́, agbẹ́gi á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó igi ṣẹ́rì, á gbẹ́ ẹ. Atẹ̀wé á kun aró, á fi bébà lé e, á fi èèpo ọparun rà á lẹ́yìn. Àwọ̀ kan, pákó kan. Bó bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ó bà jẹ́ nìyẹn! Síbẹ̀, mẹ̀kúnnù ń rówó rà á.

Ni ìjọba bá pàṣẹ lọ́dún náà: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ orúkọ ọmọlúàbí obìnrin sára àwòrán mọ́. Utamaro dọ́gbọ́n, ó fi nǹkan pa àrokò sí igun bébà. Òkun ń jẹ́ "oki", oko ìrẹsì ń jẹ́ "ta". Ẹ pè é pọ̀: Okita! Ní 1796, wọ́n tún fòfin de ìyẹn.

Ní 1804 ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ó ya Hideyoshi, jagunjagun àtijọ́, pẹ̀lú ìyàwó 5 níbi tí wọ́n ti ń wo òdòdó ṣẹ́rì, èyí tí í máa ń tanná bí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀. Òfin sì ti sọ pé wọn ò gbọdọ̀ ya irú àwọn ọ̀gá ogun bẹ́ẹ̀. Nítorí àwòrán Hideyoshi, wọ́n de Utamaro lọ́wọ́ fún 50 ọjọ́. Ọwọ́ tó fi ń jẹun o! Ó kú ní 1806.

Ìjọba ọ̀hún wó ní 1868. Àmọ́ Okita onítíì ṣì wà nínú àwòrán, aráyé ṣì ń pe orúkọ ẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́, bí ayàwòrán bá fẹ́ ya yín nídìí àtẹ, ṣé ẹ ó gbà? Ẹ fi lẹ́tà yín ránṣẹ́.