Àfọ́kù Táìlì: Aṣọ Olówó Pọ́ọ́kú fún Ògiri Ilé Ìdáná

Ọ̀rọ̀ tòní kò jìnnà sílé rárá. Ògiri tó wà lẹ́yìn ààrò ìdáná yín la fẹ́ bá yín sọ. Ògiri yẹn ni epo máa ń ta sí nígbà tí ẹ bá ń din àkàrà. Òun ni ọbẹ̀ máa ń ta bá nígbà tó bá ń hó. Òun náà ni èéfín ń kùn ní dúdú láti ọdún dé ọdún.

Ẹ̀yin ìyá wa mọ̀ ọ́n: ògiri tí wọn ò fi nǹkan bò máa ń mu epo bí ẹní mu omi. Bí epo bá ti wọnú ẹ̀ lọ, agbára káká ni ọṣẹ fi lè fọ̀ ọ́ jáde. Aáyán àti èèrà á wá máa jẹun níbẹ̀ lóru. Dúdú èéfín tó bá ti nípọn á sì máa já bọ́ sínú ìkòkò. Ohun tí à ń wá kò ju ògiri tí a lè fi aṣọ tútù nù lójoojúmọ́, tí iná ò sì lè jó. Ẹni tó bá lówó á ra táìlì tuntun, èyí tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní káró, á sì pe bíríkìlà. Ẹni tí kò lówó ńkọ́? Òun gan-an la bá wá lónìí.

Ohun méjì tí kò yẹ lẹ́yìn ààrò

Kí a tó sọ èyí tó dára, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tí kò dára kúrò lọ́nà. Àkọ́kọ́ ni rọ́bà aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ní yàrá, tí àwọn kan ń kàn mọ́ ògiri ilé ìdáná. Lóòótọ́ ó dán, ó sì rọrùn láti nù. Àmọ́ bí ọwọ́ iná bá kàn án, kíá ló ń gbiná, èéfín rẹ̀ sì lóró. Ẹ má ṣe é o.

Ìkejì ni ìbòrùlé àtijọ́ tó dà bíi sìmẹ́ńtì, tí wọ́n fi àsíbẹ́sítọ́ọ̀sì ṣe. Tí ẹ bá gé e tàbí tí ẹ bá fọ́ ọ, eruku rẹ̀ tí ojú ò rí á wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ lórí ààtàn, ẹ má gbé e wálé, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré.

Àfọ́kù kì í ṣe ìdọ̀tí

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dára. Táìlì tó bá gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọnu máa rìn ju kìlómítà 400 lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ní Parakou. Kí ọkọ̀ tó já a sílẹ̀, díẹ̀ lè ti fọ́ nínú rẹ̀. Àwọn bíríkìlà náà máa ń gé táìlì kó lè bá igun ilé mu, èyí tó bá ṣẹ́kù di àdànù. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta táìlì, tàbí síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, kí ẹ bi wọ́n léèrè àfọ́kù. Ẹlòmíràn á fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ torí pé ẹ bá a palẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó, ẹ ná an dáadáa, torí ààtàn ni ẹrù náà ì bá kúkú lọ. Àwo tánganran tó fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ náà wúlò, ẹ má dà á nù.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọgbọ́n àjèjì nìyí. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní èyí tó lé ní 600 ọdún sẹ́yìn, àwọn baba ńlá wa kó àfọ́kù ìkòkò jọ, wọ́n tò ó ní ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì fi tẹ́ àgbàlá àti ojú ọ̀nà. Ìtàn ìlú náà so iṣẹ́ yẹn mọ́ orúkọ Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni. Títí di òní, wọ́n ṣì ń rí àfọ́kù wọ̀nyẹn nínú ilẹ̀, bí wọ́n ṣe tò ó gẹ́lẹ́. Bí àfọ́kù bá gba ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ẹsẹ̀ láti ìgbà yẹn, epo àkàrà kò lè ṣe é ní nǹkan kan.

Ẹ wo irú ògiri tí ẹ ní

Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wà, ẹ fetí sí i. Bí ògiri yín bá jẹ́ ti búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì, iṣẹ́ táìlì yẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ ti amọ̀, ẹ má lẹ sìmẹ́ńtì mọ́ ọn. Amọ̀ máa ń wú tó bá mu omi, ó sì máa ń súnkì tó bá gbẹ. Sìmẹ́ńtì ò lè bá a wú, kò sì lè bá a súnkì. Tó bá yá, á ṣí kúrò lára ògiri, táìlì á já lu ìkòkò, tàbí kó já lu ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ògiri amọ̀, ẹ ní sùúrù, tiyín ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ògiri kan ṣe àpẹẹrẹ: sẹ̀ǹtímítà 120 ní fífẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 60 ní gíga. Ìyẹn tó ààrò kan àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Bí sìmẹ́ńtì tí ẹ lẹ̀ bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 1, nǹkan bíi kílò 5 sìmẹ́ńtì ló máa gbà, títí kan èyí tí ẹ máa fi dí àárín táìlì. Àpò kan jẹ́ kílò 50. Ìyẹn ni pé àpò kan tó ilé ìdáná 10. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni? Kí ẹni 10 dáwó jọ, kí ẹ ra àpò kan, kí ẹ sì máa ti ilé ẹnì kan bọ́ sí ilé ẹnì kejì. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n ti ṣí máa ń fa ọ̀rinrin, á sì dì bí òkúta sínú àpò.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é

Èkíní ni ìfọ̀. Ẹ fi omi gbígbóná, ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ epo àti dúdú èéfín kúrò. Bí ọ̀dà bá wà lára ògiri, ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó ha á, torí ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, eruku rẹ̀ kò sì dára fún ọmọdé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òòlù àti ìṣó ńlá sá ògiri náà káàkiri kí sìmẹ́ńtì lè ríbi dì mú.

Èkejì ni fífọ́. Ẹ wé táìlì sínú àpò kí ẹ tó fi òòlù lù ú. Kò gbọ́dọ̀ tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kó má sì kéré ju àtàǹpàkò lọ. Ẹ wọ bàtà, ẹ fi awò bo ojú, ẹ sì lé àwọn ọmọ jìnnà.

Ẹ̀kẹta ni títò. Ilẹ̀ lẹ ti máa kọ́kọ́ tò ó. Ẹ fi ẹfun fa ìlà tó tó ìwọ̀n ògiri yín, kí ẹ to àfọ́kù sínú rẹ̀ títí tó fi máa wù yín. Èyí tí etí rẹ̀ ṣì gún régé ni kẹ́ ẹ tò sí etí ìta, kí ó má baà gé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ rẹ èyí tó máa ń mu omi sínú omi fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kó má baà fa omi inú sìmẹ́ńtì gbẹ.

Ẹ̀kẹrin ni pípò. Agolo sìmẹ́ńtì 1, agolo yanrìn tí ẹ ti jọ̀ 3. Ẹ máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Kó má ṣàn, kó má sì gbẹ hán-ún hán-ún. Tí ẹ bá bù ú, kó dúró bí òkèlè. Ìwọ̀nba tí ẹ lè lò tán láàárín wákàtí kan ni kẹ́ ẹ pò.

Ẹ̀karùn-ún ni lílẹ̀. Ẹ fi omi rin ògiri. Ẹ kan igi tó gún mọ́ ìsàlẹ̀ kí ìlà àkọ́kọ́ má baà wọ́. Ìsàlẹ̀ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ lọ sókè. Ẹ lẹ sìmẹ́ńtì sí ibi kékeré, ẹ tẹ táìlì mọ́ ọn, ẹ fi àyè tó tó igi ìṣáná sílẹ̀ láàárín ọ̀kan sí èkejì, kí ẹ tó bọ́ sí ibi tó kàn. Ẹ máa fi pákó pẹlẹbẹ tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba.

Ẹ̀kẹfà ni dídí. Ó di ọjọ́ kejì. Ẹ po sìmẹ́ńtì 1 mọ́ yanrìn kíkúnná 2, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ àárín táìlì. Tó bá ti ń le díẹ̀, ẹ fi fóòmù tútù nu ojú táìlì. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó gbẹ mọ́ ọn, iṣẹ́ di púpọ̀ nìyẹn.

Èkeje ni bíbomirin, òun ló sì ṣe pàtàkì jù lọ́dọ̀ wa níbí. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ máa ń fa omi inú sìmẹ́ńtì kó tó le, á wá di eruku. Nítorí náà, ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ sì ta àpò tútù bò ó. Ẹ má dáná níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Tẹ́ ẹ bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í dáná, ẹ jẹ́ kí ààrò jìnnà sí ògiri díẹ̀; bí ọwọ́ iná bá ń lá táìlì ní tààràtà, á sán.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọwọ́ lásán po sìmẹ́ńtì. Ó máa ń jẹ awọ ara. Ẹ fi ọ̀rá wé ọwọ́ bí ẹ ò bá ní ìbọ̀wọ́. Tó bá ta sí ẹnì kan lójú, ẹ máa da omi tó mọ́ sí ojú náà fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ògiri amọ̀

Tiyín rèé, owó rẹ̀ tiẹ̀ kéré sí ti ìṣáájú. Ní Tiébélé, ní Burkina Faso, àwọn obìnrin Kassena ló ń ṣe ògiri ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Ní ọdún 2024, UNESCO fi ààfin ìlú náà sára àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé. Nígbà tí wọ́n bá ti rẹ́ ògiri, tí wọ́n sì fi òkúta ra á títí ó fi dán, wọ́n á se èèpo èso igi irú, wọ́n á sì fi omi rẹ̀ wọ́n ògiri náà. Omi yẹn á dì mọ́ amọ̀, kò ní jẹ́ kí omi tètè wọ inú rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tó ń ṣe irú tà, ẹ gbọ́? Èèpo tí ẹ̀ ń dà nù lẹ́yìn tí ẹ bá yọ kóró ni o.

Ẹ po erùpẹ̀ tí ẹ ti jọ̀ pẹ̀lú yanrìn àti ìgbẹ́ màálù, ẹ gún un, ẹ bò ó fún ọjọ́ méjì. Ẹ fi omi rin ògiri, kí ẹ rẹ́ ẹ. Tó bá gbẹ dé ìdajì, ẹ fi òkúta odò tó dán máa ra á títí tó fi máa tàn. Ẹ fọ́ èèpo irú sínú ìkòkò, ẹ sè é títí omi rẹ̀ á fi pọ́n dúdú, tí á sì ki. Nígbà tí ògiri bá gbẹ tán, ẹ fi ìgbálẹ̀ wọ́n ọn sí i lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ọ̀kan máa gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. Ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ ṣe é. Aṣọ tí ẹ fún dáadáa ni kẹ́ ẹ máa fi nù ún, ẹ má da omi lù ú. Tó bá ti ń ṣí, ẹ tún un wọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ sì jẹ́ ayálégbé, ẹ fi páànù tó ṣẹ́kù lára òrùlé kọ́ ìṣó lẹ́yìn ààrò. Ọjọ́ tí ẹ bá ń kó lọ, ẹ gbé e dání.

Ẹ jẹ́ kí ògiri bá yín sọ òtítọ́

Ẹ má gbàgbé o, ògiri dídán kì í lé èéfín. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020, afẹ́fẹ́ inú ilé tí èéfín ìdáná bà jẹ́ fa ikú mílíọ̀nù 3.2 èèyàn lágbàáyé. Nínú wọn, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 lé ní 237,000. Ògiri dúdú kò lè sọ fún yín bóyá èéfín pọ̀ sí i tàbí ó dín kù. Ti táìlì funfun lè sọ ọ́. Ẹ fi àfọ́kù funfun sí ẹ̀yìn ìkòkò, kí ẹ máa fi aṣọ funfun nù ún lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Dúdú tí aṣọ bá kó, irú rẹ̀ náà ni ẹ̀yin àti ọmọ tí ẹ pọ̀n ń fà sínú. Bó bá pọ̀, ẹ lo igi gbígbẹ, ẹ la fèrèsé sí ògiri kejì, tàbí kí ẹ gbé ààrò bọ́ síta. Tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ tún nù ún lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí ẹ fi aṣọ méjèèjì wé ara wọn.

Nígbà tí ẹgbẹ́ yín bá pàdé, ẹ jíròrò nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí. Ilé ìdáná mélòó ló ní ògiri búlọ́ọ̀kù láàárín yín, mélòó ló ní ti amọ̀? Ta ló máa lọ bèèrè àfọ́kù, ta ló sì máa kó èèpo irú jọ? Ilé ìdáná ta ni rọ́bà ṣì wà lẹ́yìn ààrò rẹ̀? Ilé onítọ̀hún ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.